“Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú Kì Í Bàjẹ́”: Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Bí Wọ́n Ti Ń Ṣáájì Bátìrì LiPo

Àṣà kan ti wọ àwọn ará Nàìjíríà lára nítorí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan. Bí iná bá dé, ìbáà jẹ́ ní agogo 2 òru, onílé àti ayálégbé á dìde, wọn á ki fóònù, àtùpà àti rédíò oníṣáájì bọ ojú iná, wọn á sì padà sùn. Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná náà yóò tún lọ. Fóònù gba irú ìlò yìí, nítorí àwọn tó ṣe é fi ẹ̀ṣọ́ sínú rẹ̀: ẹ̀rọ kékeré kan ló ń wo bátìrì, òun ló sì ń dá iná dúró nígbà tó bá kún. Ṣùgbọ́n irú bátìrì kan wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ báyìí tí kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ nínú. Òun ni bátìrì lithium polymer, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní LiPo. Ojú àti ọwọ́ ẹni tó ni ín ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni LiPo àti lithium-ion tó wà nínú kọ̀ǹpútà àgbéletan. Ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Sony gbé bátìrì lithium-ion wá sí ọjà. Nígbà tó di ọdún 2019, wọ́n fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míṣírì nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Inú àpò pẹlẹbẹ tó rọ̀ ni wọ́n ń di LiPo sí, kì í ṣe inú agolo líle. Ìdí nìyí tó fi fúyẹ́, tó sì dára fún dúróònù tí ènìyàn tò fúnra rẹ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú ìṣeré. Ìdí kan náà nìyí tí kò fi ní ohun tó lè dáàbò bò ó bí wọ́n bá ṣì í lò.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ayàwòrán kan ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí irú bátìrì yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń fi dúróònù ya fídíò níbi ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú, ó sì fún ọmọ náà ní èyí tó kéré kí ó máa fi kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú bátìrì kan àti ṣájà. Ọmọ náà rò pé fífò ni iṣẹ́ ńlá, pé ṣíṣáájì kò ju kí ènìyàn ki okùn bọ ihò lọ. Ọ̀gá ní kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì: 3S, 11.1V, 2200mAh.

3S túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì 3 ló wà nínú àpò náà, tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn. Fóólítì 3.7 ni wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, èyí ló fi di 11.1. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kún, fóólítì 4.2 ló wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó títí tó fi di 3.0, ó ti dé ìsàlẹ̀ kànga. Bó bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í tilẹ̀ dúró dé ibẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ 3.5, wọ́n á ti sọ dúróònù kalẹ̀.

2200mAh ni ìwọ̀n ohun tí ikùn rẹ̀ gbà. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di áńpíà, 2.2 ni. Bí wọ́n bá fi áńpíà 2.2 ṣáájì rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 1C, kò sì yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọjá ibẹ̀. Bátìrì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán á gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kó tó kún. Ṣájà tó dára ń ṣe bí ẹni tó ń rọ omi sínú akèrègbè: á kọ́kọ́ rọ ọ́ bó ti yẹ, bí omi bá ti dé ọrùn, á rọra máa kán an sí i. Ẹni tó bá ń kánjú tó gbé áńpíà sókè ń gé ẹ̀mí bátìrì náà kúrú.

Okùn tó ti ara bátìrì náà jáde pín sí oríṣi méjì. Èyí tó nípọn ló ń gbé iná lọ sára dúróònù. Èkejì ni wáyà tínínrín 4 tó parí sí orí funfun kékeré kan. Orí funfun yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ṣájà rí sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí sẹ́ẹ̀lì 3 bá kún ní 4.2, àpapọ̀ wọn jẹ́ 12.6. Ṣùgbọ́n 4.4, 4.1 àti 4.1 náà, 12.6 ni. Lójú ṣájà tó ń wo àpapọ̀ nìkan, kò sí ewu, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kan ti jẹ àjẹjù. Bí ọmọ mẹ́ta bá ń jẹun nínú àwo kan, ìyá tó gbọ́n kì í wo àwo nìkan. Ó ń wo ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kà lójú ṣájà kó tó tẹ̀ ẹ́: irú bátìrì, tó gbọ́dọ̀ jẹ́ LiPo, iye sẹ́ẹ̀lì, tó gbọ́dọ̀ jẹ́ 3S, àti áńpíà, tí kò gbọdọ̀ ju 2.2 lọ. Bó bá ṣèèṣì yan 4S, ṣájà á máa lé fóólítì 16.8 fún bátìrì tí 12.6 ti tó. Ọ̀pọ̀ ṣájà á kọ̀ ọ́ bí orí funfun bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ náà béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sínú àìsí iná máa béèrè. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí iná bá dé lóru, ṣé n kò kàn lè kì í bọ̀ ọ́ kí n máa sùn ni?”

Ọ̀gá wò ó. “Ṣé màmá rẹ máa ń gbé epo kaná kí wọ́n tó lọ sùn?”

“Rárá o, sà.”

“Bí ìwọ náà ṣe gbọ́dọ̀ dúró tì í nìyẹn.”

Àfiwé náà bá a mu. Bí iná bá pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, èròjà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, afẹ́fẹ́ á kó sínú àpò, á sì wú. Bí ooru bá kọjá ààlà, ooru náà á máa bí ooru mìíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi iná sí i mọ́, àti pé omi kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń gbiná. Ìdí nìyí tí àjọ ICAO, tó ń ṣètò ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, fi ní kí wọ́n má ṣe kó lithium-ion bí ẹrù nínú ọkọ̀ òfuurufú èrò mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2016. Ní ọdún yẹn kan náà ni Samsung kó fóònù Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà nítorí bátìrì tó ń gbiná. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá lè ṣì í, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Níbo ni yóò ti máa ṣáájì? Inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni òun, màmá rẹ̀ àti àbúrò méjì ń gbé. Kò lè ṣe é nínú yàrá, níbi tí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ wà. Kò sì lè gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo tí gbogbo ayálégbé ní nìyẹn. Iná tó bá sọ níbẹ̀ á sé gbogbo wọn mọ́lé. Àgbàlá ló kù, lórí sìmẹ́ǹtì, níbi tí òjò kò lè dé, tó sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù. Inú ìkòkò amọ̀ ló ń gbé bátìrì sí, kò sì dé e pa, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Kò ní ṣáájì bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òfuurufú bọ̀ tó ṣì gbóná. Èyí tó bá ti wú, kò ní ṣáájì rẹ̀ mọ́, kò ní fi abẹ́rẹ́ gún un, kò sì ní jù ú sí ààtàn tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí. Bí ọ̀kan bá sì gbiná, kí ó pe àwọn ènìyàn jáde, kí wọ́n má fa èéfín rẹ̀ símú, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù fún un ni ìpamọ́. Ìbẹ̀rù àìsí iná ti kọ́ ọ pé kí gbogbo nǹkan kún nígbà gbogbo. LiPo kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá ní lò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, nǹkan bíi fóólítì 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó wà. Kíkún pátá á máa jẹ ẹ́ láti inú. Bí òde bá wà lọ́jọ́ Sátidé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kó ṣáájì, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là. Bí kò bá sí iná ọba, ọ̀pọ̀ ṣájà irú èyí ló lè gba iná láti ara bátìrì ọkọ̀ tó jẹ́ fóólítì 12. Bí iná bá sì lọ kó tó kún, nígbà tó bá padà dé, kí ó tún ohun mẹ́ta yẹn kà lójú ṣájà kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó yẹ kí àwọn tó ń ta bátìrì yìí máa sọ nǹkan wọ̀nyí fún oníbàárà kí wọ́n tó gba owó, kí àwọn ọ̀gá náà sì fi ṣíṣáájì ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ṣáájú fífò. Ẹni tí dúróònù rẹ̀ bá já lulẹ̀ lè ra òmíràn. Àwọn ará ilé tó ń sùn ní yàrá kejì kò mọ ohun tó ń jẹ́ 3S, wọn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tó ń yan áńpíà. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni oorun wọn wà.