Imú Arugbá

Lọ́jọ́ tí mo gé imú arugbá mi jábọ́, ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá Bàbá rí mi. Ó ti rí mi. Ó jókòó ti ògiri, ó ń pọ́n ọ̀bẹ, kò sì sọ nǹkan kan títí mo fi rí imú náà he láàárín èérún igi, tí mo nawọ́ sí ìgò gúlù.

"Tíṣà," ó ní, "o fẹ́ lẹ imú mọ́ obìnrin lójú?"

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ìwé ni mo fi ń jẹun. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ kọ́ṣẹ́ igi gbígbẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, nítorí ojú ti ń tì mí pé mo lè fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣùgbọ́n n kò lè gbẹ́ ṣíbí. Arugbá tí mo ń gbẹ́ yìí, obìnrin tó kúnlẹ̀ tó ru igbá, igi ọ̀mọ̀ ni, ó sì ti gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi. Mo ní gúlù á mú un. Bàbá gbà pé á mú un. Ó ní ṣùgbọ́n bí mo bá kùn ún, ojú ibi tí mo lẹ̀ á yàtọ̀, àti pé ọmọdé tó bá gbé ère, imú ló máa ń kọ́kọ́ dì mú.

Ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n gbé gbogbo ojú náà sẹ́yìn. Kí n bó iwájú orí, kí n bó ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ètè àti àgbọ̀n náà tẹ̀ lé wọn, títí imú mìíràn á fi yọ láti inú igi tó kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Orí ère Yorùbá tóbi, nígbà mìíràn ó máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ère. Àwa tí a ń kàwé ti sọ ọ́ títí pé nítorí ipò tí a fi orí sí nínú ayé ẹ̀dá ni. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ fún mi pé orí ńlá yẹn tún jẹ́ owó ìpamọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì.

Fada Kevin Carroll, tó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Lámidì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àreógun, kọ orúkọ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fún ìpele iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọnà lílẹ́, alẹ́túnlẹ́, dídán, fínfín. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí fún ọdún púpọ̀ bí ẹni ń ka orúkọ oṣù. Ìgbà tí imú jábọ́ ló tó yé mi pé ìwọ̀n àforíjì ni wọ́n. Nígbà tí a bá ṣì ń lẹ́ ọnà, tí àáké ṣì ń bọ́ igi ní bùlọ́ọ̀kù-bùlọ́ọ̀kù, àṣìṣe kì í ṣe àṣìṣe; ọ̀nà mìíràn lásán ni. Tó bá di alẹ́túnlẹ́, tí ojú ti yàtọ̀ sí ọrùn, ààyè ti ń há. Ní ìgbà fínfín, tí ọ̀bẹ ń kọ ilà irun orí, igi ò ní ohun tó máa fún ọ mọ́. Èmi sì ń fín irun lọ́wọ́ kí n tó parí imú, ìwà àwa ọ̀mọ̀wé.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nígbàkígbà tí mo bá rí àwòrán ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí dòní. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ jáde gan-an lójú pákó, wọn ò sì yọ bákan náà. Mo máa ń bi ara mi pé níbo ni bàbá yẹn á bá wọlé ká ní ọwọ́ rẹ̀ ṣì.

Ṣùgbọ́n gbogbo àbùkù kọ́ ló ti ọwọ́ wá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, arugbá mi là láti abẹ́ orúnkún dé etí pèpéle tó kúnlẹ̀ lé. Igi tútù la máa ń gbẹ́, torí ó rọ̀. Bó bá sì ń gbẹ, ó máa ń súnkì. Bó ṣe ń súnkì yípo òrùka inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti ọkàn igi sí èèpo. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ ya. Àpò tútù ni Bàbá fi máa ń wé iṣẹ́ tí kò tíì parí kí atẹ́gùn má baà tètè gbẹ ẹ́. Èmi gbé tèmi sílé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, irú ẹ̀ kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún: wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú pákó sí i, wọ́n á kán sùpágúlù lé e, á le bí òkúta, wọ́n á fi sáńpépà ra á. Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Bàbá ní kí n dúró kí igi là tó bó ṣe fẹ́ là ná. Ó di òpin oṣù Kejì kó tó wá àjákù igi ọ̀mọ̀ yẹn kan náà jáde, ó gé pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan kúrò lára rẹ̀, ó rí i pé iṣan rẹ̀ bá iṣan ère lọ ọ̀nà kan náà, ó sì tì í bọ àlàfo náà. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ló fi gúlù sí. Mo rò pé ó gbàgbé ìkejì.

"Òjò ń bọ̀," ló wí. Tí òjò bá dé, igi á tún wú. Bí ohun líle bá kún àlàfo náà pa, tó mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, igi á wá ibòmíràn là.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó jogún ère ìbejì méjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, ọ̀kan là lẹ́yìn, ó sì gbé e fún káfíńtà kan. Káfíńtà dí àlàfo, kò sì dúró níbẹ̀. Ojú àwọn ọmọ náà ti pa rẹ́ torí wíwẹ̀ àti bíbọ́, ó bá gbẹ́ ojú tuntun fún wọn, ó fi sáńpépà ha osùn ara wọn kúrò, ó kùn wọ́n ní fáníìṣì. Ojú tó pa rẹ́ yẹn kì í ṣe àléébù tí a ń tún ṣe. Ọwọ́ ìyá ló pa á rẹ́.

Àwọn tó ń tọ́jú irú ère bẹ́ẹ̀ ní mùsíọ́mù máa ń lo gúlù kan tí wọ́n ń pè ní Paraloid B-72, tí acetone lè yọ́ nígbàkígbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tú iṣẹ́ wọn bó bá rí i pé wọ́n ṣì í. Mo sọ fún Bàbá. Ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Arugbá náà wà lórí tábìlì mi. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ti tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu: àlejò tó bá wọlé á yin ojú rẹ̀ kékeré, wọ́n á ní mo ní làákàyè. Ní oṣù Kejìlá, ilà kan tó tín-ín-rín bí òwú máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹlẹbẹ tí Bàbá tì bọ̀ ọ́. Tó bá fi máa di oṣù Keje, n kì í rí i mọ́.