Ọ̀sẹ̀ Tí Táyà Jò: Láti Mọ́níyà Dé Àkànrán

Kò sí ẹni tí kò mọ irú ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nínú yín. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ òfò ńlá. Ẹnikẹ́ni kò kú, ilé kò jó. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni ohun kékeré kan ti ń tẹ̀lé òmíràn, títí obìnrin yóò fi fẹ́ bú sẹ́kún nítorí ṣíbí tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Irú rẹ̀ ni mo lò ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, nígbà tí mo ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò ní àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

Mọ́níyà ni mo kọ́kọ́ lọ, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ti ń já èrò sí. Mo ń fọkàn ṣírò bí n ó ṣe mú àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ náà ní ìsinmi nígbà tí táyà ẹ̀yìn gún ìṣó. Ẹni tí ń lẹ táyà ti lọ síbi ìsìnkú. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, tí ẹ̀wà sóyà tí mo rẹ láti fi kọ́ni bí a ti ń ṣe wàrà rẹ̀ sì ń kan nínú ike lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Lálúpọn ni, ní Lágelú, ìlú tí ojú irin àtijọ́ gbà kọjá nígbà tí wọ́n nà án láti Ìbàdàn dé Òṣogbo ní 1907. Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà ilé-ìwé, mo yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Èyí kò tó ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a máa lọ.

Ọjọ́rú ni mo gba ọ̀nà Àkànrán, ní Ọ̀nà-Àrà. Àkànrán yìí ni ìlú Tàfá Adéoyè, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú Àgbẹ́kọ̀yà tí wọ́n dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí ní 1968 sí 1969. Ní abúlé kan lẹ́yìn ibẹ̀ ni mo ti bá ìyàwó kan tí ó káwọ́ lérí níwájú òkìtì gbágùúdá. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ní abúlé náà ti já, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò rí òmíràn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbágùúdá kò dà bí iṣu tí ń dúró de ni nínú abà. Bí a bá ti fà á tu, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Owó ilé-ìwé àkọ́bí rẹ̀ ni ó wà nílẹ̀ yẹn.

Èmi tí mo kàwé, mo ní kí ó háyà ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ mìíràn wà. Ó wò mí bí ẹni tí kò wọ ọkọ̀ èrò rí. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, owó ọkọ̀ yẹn náà ni èrè mi.” Èrò tirẹ̀ ni pé kí òun fi páànù tí wọ́n fi ìṣó lu rin ín, kí òun gbé òkúta lé e, kí òun sì yan án di gàrí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Níbí ni n kò ti lè dákẹ́, kí ẹ̀yin náà sì fetí sí i. Ohun kan wà nínú gbágùúdá tí ó ń di májèlé. Rírin, kíkan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan ni ó ń lé e jáde. Ọjọ́ tí a fi ń jẹ́ kí ó kan nínú àpò kì í ṣe ọjọ́ ìmẹ́lẹ́. Ní Mòsáḿbíìkì ní 1981, ọ̀dá dá, ebi sì mú kí àwọn ará oko dín ọjọ́ tí wọ́n fi ń sá gbágùúdá kíkorò kù. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù. Lóòótọ́, òun nìkan ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, láìsí ẹja tàbí ẹran. N kò sọ pé gàrí alẹ́ ọjọ́ kan yóò rọ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ tà á fún ọmọ ọlọ́mọ?

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ó ti ń jẹ obì lórí àpótí láti àárọ̀, kò dá sí ọ̀rọ̀ Mòsáḿbíìkì. “Ìyàwó,” ó ní, “ta ló ní dandan ni kó di gàrí? Ẹ gbé àmù wá.”

Fùfú! Fùfú kò béèrè ẹ̀rọ. A ó bẹ gbágùúdá, a ó gé e, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi ọwọ́ fọ́ ọ, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fún omi rẹ̀. Èyí tí àmù kò bá gbà mọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú ike, a ó sì sá a di láfún. Mo ti fi èyí ṣe ìbéèrè ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn. Àwa mẹ́fà ni a mú ọ̀bẹ. Mo gé ara mi níka. Ẹ fi ìyẹn kún ti ọ̀sẹ̀ náà.

Ọjọ́bọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ti gbàgbé pé mò ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn àgbà kì í fẹ́ fi dáwọ́ lé ohun pàtàkì, gáàsì tán lórí ẹ̀wà tí kò tíì jinná, àbíkẹ́yìn mi sì da òróró sílẹ̀. Igbe tí mo ké mọ́ ọmọ náà ju òróró lọ. Ó sùn tán ni ojú tó tì mí.

Òun ni mo mú dání lọ sí abúlé náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òórùn fùfú pàdé wa lọ́nà. Ìyàwó náà ń sẹ́ ẹ, láfún wà lórí àpáta, ọmọ kékeré kan sì ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Oníbàárà kan láti Ìbàdàn ti san àsansílẹ̀. Kò tó owó gàrí tí ó ń retí, kò sì fi í pamọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti fi san ìdajì owó ilé-ìwé. Bẹ́líìtì kò tíì dé.

Nígbà tí a padà dé ìdí ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn ti tún rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ mi wo ojú mi, kò sọ̀rọ̀. Mo gbé fùfú tí wọ́n dì fún wa sílẹ̀, ẹ̀rín pa mí, ìyàwó náà sì ti ń ké sí àbúrò ọkọ rẹ̀ pé kí ó gbé ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ wá.