Marysville: Ìlú Tí Iná Jó, Àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹ̀yin ará, bí ẹ kò bá tíì gba ọ̀nà Black Spur kọjá rí, ẹ wá ọjọ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jáde ní Melbourne láàárọ̀, kí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ẹ la Healesville kọjá. Kò ní pẹ́ tí ọ̀nà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gun òkè, igi yóò sì dí ojú ọ̀run mọ́ yín lórí. Mountain ash ni wọ́n ń pe àwọn igi náà. Nínú gbogbo igi tó ń yọ òdòdó láyé, wọ́n wà lára àwọn tó ga jù lọ. Wọ́n dúró ṣánṣán bí òpó, èèpo ara wọn sì ń bó sílẹ̀ ní gbọọrọ-gbọọrọ bí àkísà. Ọmọ mi ọkùnrin gbé fóònù sókè pé òun fẹ́ ya orí igi kan, kò rí i yà. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé èèpo tí mo ń wò bí ohun ẹwà yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ ń wò tẹ̀rùtẹ̀rù.

Marysville là ń lọ, kò jìnnà sí 100 kìlómítà láti àárín Melbourne. Ìlú kékeré ni, lẹ́sẹ̀ òkè Lake Mountain níbi tí àwọn èèyàn máa ń lọ ṣeré nínú yìnyín nígbà òtútù. Ìdílé mẹ́ta la jọ lọ láti inú ìjọ wa, àwọn ọmọ sì jẹ́ mẹ́jọ. Oṣù January ni. Ẹ rántí pé nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú nílé, àsìkò náà gan-an ni ooru ń mú jù níbí. A fẹ́ wo omi tó ń já láti orí àpáta Steavenson, a fẹ́ sinmi, a sì fẹ́ yan sùyà. Mo ti po yájì láti ilé, mo sì ti ra àpò èédú kan sínú búùtù. Nínú ìjọ wa, èmi ni mo mọ sùyà yan jù. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da èédú sílẹ̀ ni ìyá kan bọ́ síta láti ibùdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó kí wa, ó bá àwọn ọmọ ṣeré, ó béèrè ibi tí a ti wá. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí pé, ṣé mo ti wo ìkéde òní? Mo ní ìkéde wo? Ó nawọ́ sí ojú ọ̀nà. Pátákó kan wà níbẹ̀ tó rí bí ìlàjì àwo, tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi àti ọfà kan. A ti kọjá irú rẹ̀ bíi mẹ́rin lójú ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó kà á nínú wa. Ìpele ewu iná ló ń sọ, láti ìwọ̀nba títí dé èyí tí wọ́n ń pè ní Catastrophic, tí ó túmọ̀ sí pé bí iná bá ṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró rárá. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti fòfin de iná dídá ní gbangba jákèjádò agbègbè náà. Igi kò sí, èédú kò sí.

Ojú tì mí. Ìyá náà kò pariwo mọ́ mi, kò sì halẹ̀ ọlọ́pàá. Ó ní ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í mọ̀. A kó ẹran lọ sínú ilé ìdáná ibùdó, a sì dín in lórí ìdáná oníná mànàmáná. Sùyà inú páànù kì í ṣe sùyà, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́, ìyá náà sì jẹ nínú rẹ̀. Yájì náà mú omi jáde lójú rẹ̀.

Mo bi í bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó rẹ́rìn-ín gan-an. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Panápaná ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe é. Mo ní, eélòó ni wọ́n ń san fún un? Ó ní wọn kì í san nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé ní Victoria nìyí, tí mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ wọn, èmi sì rò pé àwọn tó ń gbowó oṣù ló wà nínú gbogbo wọn. Ní àárín ìlú ńlá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jáde sí ìgbèríko, CFA ni, ìyẹn Country Fire Authority, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1945. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ lé ní 50,000. Mẹkáníìkì ni wọ́n, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ tó ń fún wàrà màlúù, ẹni tó ń ta kọfí fún yín láàárọ̀. Nígbà tí ilé ẹnì kan bá ń jó, aládùúgbò rẹ̀ ló ń bọ̀ nínú ọkọ̀ pupa yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀, ó mú wa lọ wo ilé ọkọ̀ wọn ní ìlú tirẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ má retí ilé ńlá. Kò ju gáréèjì ọkọ̀ méjì lọ. Àwọn ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfèé so kọ́ ara ògiri, orúkọ wà lórí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, bàtà sì wà nísàlẹ̀ tí a ti ká ẹnu ṣòkòtò lé e lórí. Ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ: ẹsẹ̀ lo kàn máa kì bọ inú bàtà, kí o sì fa ṣòkòtò sókè. Bí péjà bá ké lóru, kò sí àyè láti máa wá bọ́tìnnì. Ọmọbìnrin mi àgbà, tó pé ọdún mẹ́rìnlá, gbé akoto kan wọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́.

Níbẹ̀ ni ìyá yẹn ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ 7 oṣù February, 2009 fún wa.

Lópin oṣù January ọdún náà, ooru ti kọjá 43 ní Melbourne fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Nígbà tó fi máa di Sátidé yẹn, ó di 46.4. Atẹ́gùn àríwá ló ń fẹ́, ó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ bí ọyẹ́ wa ṣe ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa mú òtútù òwúrọ̀ wá, tibí yìí dà bí ìgbà tí èèyàn ṣílẹ̀kùn ààrò. Ní ọ̀sán, iná ṣẹ́ nítòsí ilé ìlagi kan ní Murrindindi. Atẹ́gùn ń tì í lọ sápá kan. Ẹni tó bá wà ní Marysville lè rí èéfín lókèèrè, kí ó sì rò pé ọ̀nà ibòmíràn ló ń gbà.

Ẹ fọkàn sí ibí yìí, nítorí òun ló ń pa èèyàn jù. Iná igbó a máa gùn bí ejò: orí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn. Ní ilẹ̀ Victoria, lẹ́yìn atẹ́gùn gbígbóná àríwá, atẹ́gùn tútù a máa já wọlé lójijì láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo ará ìlú ń retí rẹ̀ kí ara lè tù wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé, ẹ̀gbẹ́ iná, tó ti gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, á di orí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá tún bá òkè pàdé, eré rẹ̀ á di ìlọ́po méjì fún ìdagun dìgírì mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, atẹ́gùn yí. Iná yíjú sí Marysville.

Ilé tó ṣẹ́ kù nínú ìlú náà lẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan. Èèyàn tó lé ní 30 kú níbẹ̀. Káàkiri ìpínlẹ̀ Victoria lọ́jọ́ náà, 173 ló kú, ilé tó lé ní 2,000 sì jóná. Àwọn panápaná Marysville àti àwọn ará ìlú kan sá sí pápá ìṣeré Gallipoli Park, nítorí koríko ibẹ̀ tutù, ó sì mọ́lẹ̀. Wọ́n dúró níbẹ̀ títí iná fi gba orí ìlú kọjá. Nínú àwọn panápaná yẹn, àwọn kan ń gba ilé ẹlòmíràn lọ́wọ́ iná nígbà tí ilé tiwọn ń jó. Ẹlòmíràn pàdánù ìyàwó àti ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá dé Gallipoli Park, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ lẹ́wà gan-an nísinsìnyí. Ìlú náà ti jíǹde, búrẹ́dì wà, àlejò ń ya wọlé. Ẹ sì gbójú sókè sí Lake Mountain, ẹ óò rí àwọn òkú igi tó funfun bí egungun.

Nílé, àwọn àgbà máa ń sọ pé bí igbó bá jó, mọ̀jàlá ni yóò wá ròyìn rẹ̀ fún ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé mọ̀ ọ́n, eérú dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń balẹ̀ sórí aṣọ tí a sá. Mo sọ ọ́ fún ìyá náà. Ó ronú, ó ní mọ̀jàlá tiwọn kì í ròyìn, iná fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé wá. Èèpo igi gbọọrọ-gbọọrọ tí mo rí lójú ọ̀nà yẹn ni. Á gbiná, atẹ́gùn á gbé e sókè, á sì fò ṣáájú iná lọ ọ̀pọ̀ kìlómítà. Á já sínú gọ́tà tí ewé gbígbẹ kún, tàbí sábẹ́ pèpéle onípákó. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń jó báyìí láìjẹ́ pé ọwọ́ iná ńlá kàn án rárá.

Ìyàwó mi béèrè ohun tí gbogbo wa ń rò: bí iná bá dé, ẹ̀yin kọ́ ni yóò wá? Ìyá náà kò fi bò. Ó ní, ọkọ̀ méjì la ní, ilé tó wà ní agbègbè yìí sì pọ̀ gan-an. Ẹ má ṣe dúró dè wá. Kí ẹ jáde ní kùtù, nígbà tí ọ̀nà ṣì mọ́, kí èéfín tó dé. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó jáde ló ń kú sójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ló lu táǹkì ọkọ̀ wọn pẹ̀lú ọwọ́, gbì, gbì. Ó ní omi tó wà nísàlẹ̀ táǹkì yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi pa iná, bí ilé tó ń jó bá tilẹ̀ jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ti àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ni. Bí iná bá ká wọn mọ́, wọ́n á bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n á fi kúbùsù onírun àgùntàn bo ara, wọ́n á sì fọ́n omi náà yí ọkọ̀ ká. Ikú àwọn kan ló jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ líle mú òfin yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù December, 1998, ní Linton, lápá Ballarat, atẹ́gùn yí mọ́ àwọn panápaná márùn-ún tó ti Geelong West wá ṣèrànwọ́. Gbogbo wọn kú, wọ́n sì jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni.

Òwe kan wà tí mi ò fẹ́ràn láti kékeré: bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ìyá mi máa ń pa á, èmi a sì máa rò pé, irú ìyá wo nìyí? Níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì yẹn ni mo ti gbọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó jóná kò lè gbé ọmọ jáde.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra ilé sí ẹ̀yìn Melbourne báyìí, níbi tí ilẹ̀ ṣì dínwó, níbi tí òpópónà parí tí pápá koríko bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi náà ń gbé. Iná koríko a máa sáré ju iná igbó lọ. Ẹ fi VicEmergency sórí fóònù yín, ẹ má fi mọ síbẹ̀, nítorí iná mànàmáná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ. Ẹ ní rédíò oní-bátìrì nílé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní 000. Ẹ kó ewé inú gọ́tà kí oṣù December tó dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, CFA ní ẹgbẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 15. Wọn kì í mú wọn lọ síbi iná. Wọ́n ń kọ́ wọn ní rọ́bà omi, ìdíje, àti bí a ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọmọbìnrin mi ti gba fọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ní òun ń gbàdúrà lé e lórí, èmi sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé wa. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo bá a níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Lára fíríìjì wa, ìwé kan wà tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ibi tí a ó lọ: ilé Dádì Kúnlé. Ohun tí a ó kó: páàsìpọ́ọ̀tù, oògùn, àwòrán ìgbéyàwó. Ní ìsàlẹ̀ ló kọ ìbéèrè kan sí: ta ni yóò sọ pé ó tó àkókò? Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀ nínú wa. Èédú náà ṣì wà nínú búùtù.