Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ojú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín

Ọ̀rọ̀ ojú la fẹ́ jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, láàárín àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún sókè, bíi 43 nínú 100 afọ́jú ló jẹ́ pé kataráàtì ló fọ́ ojú wọn, ìyẹn kùrukùru tó máa ń bo inú ẹyin ojú. Iṣẹ́ abẹ tó ń mú un kúrò kì í sábà ju 30 ìṣẹ́jú lọ, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá.

Ohun tó ń já wọn láyà jù, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ni pé wọn kì í sábà kun èèyàn lóorun. Ojú nìkan ni wọ́n ń fi oògùn pa kó má dun èèyàn, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn dókítà. Màmá kan bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé mà á máa rí ọ̀bẹ yẹn bó ṣe ń bọ̀ ni?" Mo ní, "Rárá, mà. Ìmọ́lẹ̀ lẹ máa rí, ó lè ní àwọ̀ oríṣiríṣi." Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru sókè láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí kò bá wálẹ̀, wọ́n á sún iṣẹ́ abẹ síwájú ni. Mo di ọwọ́ wọn mú, ọmọ wọn obìnrin ń rọra kọrin sí wọn létí. Nígbà tá a tún un wọ̀n, ó ti wálẹ̀.

Nílẹ̀ Faransé àti láwọn ìlú òyìnbó mìíràn, ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń lò fún un. Awò ńlá kan ni, Virtual Reality ni wọ́n ń pè é. Kí aláìsàn tó wọ tíátà, wọ́n á fi bò ó lójú, á máa rí etí òkun tàbí igbó tútù, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kan á máa ní kó mí sínú, kó mí síta. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kò rọ́pò oògùn apa-ìrora. Òòyì máa ń kọ́ àwọn kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú gan-an kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀, etí ló máa fi jẹ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tan bàbá yín pé àyẹ̀wò lásán ni. Ẹ sọ bó ṣe máa lọ fún wọn. Ẹ ko orin tí wọ́n fẹ́ràn sórí fóònù, kí wọ́n máa gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń dúró. Bí wọ́n bá ń wúkọ́, tàbí wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́, ẹ tètè sọ fún dókítà. Kí wọ́n sì tọ̀ kí wọ́n tó wọlé o.