Òògùn Tí Kíndìnrín Ń Pa

Wáyà ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ àgò náà, kí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ehoro inú rẹ̀ lè já bọ́ sínú àrọ tó wà nísàlẹ̀. Àrọ yìí ní ọgbọ́n nínú: ìgbẹ́ ń yí lọ sí ọ̀tọ̀, ìtọ̀ ń kán sí ọ̀tọ̀, inú yìnyín ni wọ́n sì ri ìgò ìtọ̀ náà mọ́. Òògùn tí wọ́n gún ehoro náà lábẹ́rẹ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ìtọ̀ bá wà nínú ooru fún wákàtí mélòó kan, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ní jọ èyí tó jáde lára ẹran mọ́, gbogbo ìṣirò á sì dojú rú. Nínú irú àgò báyìí ni wọ́n ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa ìrìn òògùn nínú ara.

Èyí tí mo fẹ́ ṣàpèjúwe ni ti imipenem, òògùn apakòkòrò tí wọn kì í fún aláìsàn lóun nìkan. Inú ilẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti wá. Bakitéríà inú ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Streptomyces cattleya ló ń pèsè thienamycin, tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà kéde lọ́dún 1976. Agbára thienamycin pọ̀. Ó ń pa ọ̀pọ̀ bakitéríà tí apá penicillin kò ká. Àmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́, ni àwọn oníkẹ́míkà bá tún un ṣe, ó di imipenem. Ìgbà tí wọ́n wá gbé àwọn òògùn yìí wọ inú ara ẹran ni ọ̀rọ̀ yíwọ́.

Wọ́n fún eku ńlá àti eku kékeré, wọ́n fún ehoro, ajá, ọ̀bọ rhesus àti ìnàkí, wọ́n sì gba ìtọ̀ gbogbo wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá retí ni pé kí èyí tó pọ̀ jù nínú òògùn jáde bó ṣe wọlé, nítorí bí penicillin ti ń ṣe nìyẹn. Lọ́dún 1941, ní Oxford, nígbà tí penicillin ṣì ṣọ̀wọ́n, inú ìtọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n ń fi í tọ́jú ni wọ́n ti ń yọ ọ́ padà láti tún fún un. Ti thienamycin kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀bọ rhesus, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí gbà padà nínú ìtọ̀. Lára ajá, 5 péré.

Ó yẹ ká wo bí wọ́n ṣe ń wọn irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á da oúnjẹ bakitéríà sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á po bakitéríà mọ́ ọn, á sì dì. Wọ́n á wá fi ìtọ̀ rin bébà róbótó kékeré kan, wọ́n á gbé e lé ojú àwo náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, bakitéríà á ti hù bo gbogbo ojú àwo, àfi ibi róbótó kan tó mọ́ gaara yí bébà náà ká, níbi tí òògùn kò ti jẹ́ kí wọ́n hù. Bí ibẹ̀ bá fẹ̀, òògùn pọ̀ nínú ìtọ̀ yẹn. Bó bá há, òògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n àwo kò lè sọ ibi tí òògùn náà gbà lọ. Nítorí náà, ọ̀nà kejì wà: wọ́n á fi kábọ́ọ̀nù-14, tí ẹ̀rọ lè ka ìtànṣán rẹ̀, ṣe àmì sára òògùn kí wọ́n tó gún ẹran. Bí ìtànṣán bá pọ̀ nínú ìtọ̀, tí ibi tó mọ́ lójú àwo sì há, a jẹ́ pé òògùn jáde lóòótọ́, òkú rẹ̀ ló jáde.

Ta ló pa á? Nínú eku ńlá àti ehoro, wọ́n so iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín pa, wọ́n sì ń wo bí òògùn ṣe ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni, mi ò sì fẹ́ ká kà á kọjá bí ẹni ka owó ọjà. Ẹran wọ̀nyí ní ẹ̀mí, ohun tí wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn sọ fún wa ṣe pàtàkì: nínú gbogbo bí ara ṣe ń run òògùn yìí, kíndìnrín ló ń ṣe ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lára eku, lára ehoro, 92. Nígbà tí wọ́n lọ àwọn ẹ̀yà ara kúnná tí wọ́n sì da òògùn mọ́ wọn, ti kíndìnrín nìkan ló bà á jẹ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Òògùn tó borí bakitéríà, kíndìnrín ẹni tó ń tọ́jú ló ń pa á.

Ẹ́ńsáìmù kan ló wà nídìí rẹ̀, dehydropeptidase-I, tó nílò síńkì kó tó lè ṣiṣẹ́. Bergmann àti Schleich ti kọ̀wé nípa irú ẹ́ńsáìmù yìí lọ́dún 1932, nígbà tí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ thienamycin rí. Èérún purotéènì ló máa ń gé. Thienamycin àti imipenem wá jọ ohun tó máa ń gé, ló bá ń gé wọn mọ́ ọn: ó ń já òrùka onígun mẹ́rin tí òògùn náà fi ń jà. Òrùka já, òògùn kú. Penicillin ní irú òrùka yìí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yòókù yàtọ̀, ẹ́ńsáìmù náà kì í fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ẹ́ńsáìmù yìí ń gbé ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ̀jẹ̀ tó wọ kíndìnrín á kọ́kọ́ gba ibi asẹ́ kọjá. Omi tó bá sẹ́ jáde á wọ inú ọ̀pá tín-ín-rín kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ojú lásán kò lè rí. Irun kéékèèké bo ògiri inú ọ̀pá yẹn, wọ́n fún mọ́ra, wọ́n dúró ṣánṣán bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ara irun wọ̀nyí ni ẹ́ńsáìmù náà lẹ̀ mọ́. Òògùn á ti rìn yí ara ká nínú ẹ̀jẹ̀, á ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìgbà tó ń jáde lọ ló ń kò ó. Ìdí nìyí tí imipenem fi ń wo eku tí bakitéríà gba gbogbo ara rẹ̀ sàn, síbẹ̀ tí ìwọ̀nba ni òògùn tó wà láàyè nínú ìtọ̀. Ẹni tí àrùn wà lójú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ni ìyẹn máa ń dùn.

Ti ehoro tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fún un ní imipenem púpọ̀ lóun nìkan, òògùn á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì ògiri ọ̀pá wọ̀nyí, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, irun tó dúró ṣánṣán yẹn á ti ṣí dànù, pàǹtí sẹ́ẹ̀lì á sì dí inú ọ̀pá.

Àwọn onímọ̀ Merck wá ohun tí yóò dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́, wọ́n sì rí cilastatin. Cilastatin kì í ṣe apakòkòrò. Ẹ gbé e sórí àwo bakitéríà, kò ní pa ẹyọ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó síbi tí ẹ́ńsáìmù fi ń gé nǹkan, kí ẹ́ńsáìmù náà má ráyè gbọ́ ti imipenem. Ó tún ń dènà bí imipenem ṣe ń wọ sẹ́ẹ̀lì. Ehoro tí wọ́n fún ní méjèèjì pọ̀, kíndìnrín rẹ̀ kò bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni bí ìrìn àwọn méjèèjì ṣe bára mu, torí ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹni tó ń ṣọ́ lọ. Lára ènìyàn, nǹkan bíi wákàtí kan ni ìdajì imipenem fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti cilastatin. Ara á yí díẹ̀ nínú cilastatin padà sí N-acetyl cilastatin, èyí náà á sì máa dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ lọ bíi ti àkọ́kọ́. Ọgbọọgba ni wọ́n ń po méjèèjì, 500 mílígíráàmù sí 500. Ẹni tó gba imipenem nìkan, ìdá tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gbé jáde láàyè wà láàárín 6 sí 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí cilastatin bá bá a rìn, ó ń tó nǹkan bíi 70. Ọdún 1985 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àpòpọ̀ méjèèjì.

Àwọn tó mọ Augmentin, tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òògùn wa, lè rò pé ọ̀kan náà ni. Rárá o. Clavulanic acid inú Augmentin ń gba amoxicillin lọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù bakitéríà. Cilastatin ń gba imipenem lọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù aláìsàn. Nígbà tí àwọn bakitéríà kan wá ní ẹ́ńsáìmù tó ń já òrùka imipenem, àwọn onímọ̀ fi relebactam ṣe ìkẹta, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2019. Ẹ̀ṣọ́ méjì, ọ̀kan kọjú sí kíndìnrín, ọ̀kan kọjú sí bakitéríà.

Meropenem, àbúrò imipenem, kò nílò cilastatin. Wọ́n fi ohun kékeré kan kún ara rẹ̀, ẹ́ńsáìmù kíndìnrín ènìyàn kò sì rí i gé bọ̀rọ̀ mọ́. Ti eku kékeré ṣì ń gé e kíákíá, débi pé àwọn tó fẹ́ fi eku wádìí bóyá meropenem lè wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ti lo eku tí wọ́n mú kí wọ́n bí láìní ẹ́ńsáìmù náà, kí òògùn lè pẹ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń pẹ́ lára aláìsàn.