Ẹ̀kọ́ Ọdún Kìíní Lójú Ọ̀nà Bàdágìrì

Ọmọ mélòó ní Festac ló ń gbàdúrà pé kí JAMB fún òun ní Faransé tàbí Jọ́gíráfì? Ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ìṣègùn àti ìṣirò owó ni wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ìgbà tí máàkì kò bá tó ni yunifásítì máa ń sún wọn síbẹ̀, wọn a sì gbà á pé ó ṣáà sàn ju kéèyàn jókòó sílé lọ. Síbẹ̀, bí a bá ní ká wá ibi tí kọ́ọ̀sì méjèèjì bá ilẹ̀ mu jù lọ ní gbogbo Èkó, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí Festac wà, ni èmi yóò tọ́ka sí.

Ẹ wo ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Láti Mile 2, dánfó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ kọjá géètì Festac, ó kọjá Trade Fair, ó dé ẹnu ọ̀nà LASU ní Ọ̀jọ́, yunifásítì tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ẹni tí kò bá sọ̀ níbẹ̀, tó jókòó síbi tó wà, Bàdágìrì ló ń lọ, lẹ́yìn náà Sèmè lẹ́nu ààlà, lẹ́yìn náà ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ní Mile 2 yìí kan náà ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pariwo Sèmè láràárọ̀. Festac gan-an, ilé àlejò ni. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún àjọyọ̀ àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti January àti February 1977, èyí tí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ wáyé ní Dakar lọ́dún 1966. Láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé wọ̀nyẹn ti ṣí ni wọ́n ti ń gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn àlejò.

Nínú kíláàsì Faransé ti ọdún kìíní, ẹnu ni iṣẹ́ kọ́kọ́ dé bá. Olùkọ́ á ní kí wọ́n gbé ahọ́n síbi tí wọ́n ti ń pe “i”, kí wọ́n sì sún ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé. Ohùn tó bá jáde ni “u” inú *tu*. Ẹ̀rín á sọ. “V” á di “f” lẹ́nu ọmọ Yorùbá, “z” á di “s”. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan *bon*, *vin* àti *blanc*, ọmọ Yorùbá kò ní òógùn kankan láti làágùn, nítorí imú la fi ń pe ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tiwa náà. Bákan náà ni *tu* (ìwọ) àti *vous* (ẹ̀yin). Ẹni tí wọ́n ti nà nílé nítorí pé ó pe bàbá àgbà ní “ìwọ” ti mọ òfin yẹn kó tó wọ yunifásítì. Ọmọ Igbo tó jókòó tì í ló ń kọ́ ọ tuntun.

Òǹkà ló dùn mọ́ mi jù. Ọmọ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò á máa ráhùn pé kí ló dé tí Faransé fi ń pe 80 ní ogún mẹ́rin, *quatre-vingts*. Kí ni ọgọ́rin, bí kì í bá ṣe ogún mẹ́rin? Ibi tí a ti pínyà ni 70: Faransé fi mẹ́wàá kún ọgọ́ta, àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin. Ti akọ àti abo ni kò ní àlàyé. Tábìlì, obìnrin, àga, obìnrin, ìwé, ọkùnrin. Ẹ há a sórí, kó tán.

Kíláàsì Jọ́gíráfì dákẹ́ díẹ̀. Rúlà, pẹ́ńsù àti máàpù ni. Lórí máàpù 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 ni kìlómítà 1. Wọ́n á kọ́ wọn ní ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, ẹni tó bá sì ń wá irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní Festac yóò wá a tì, torí àbàtà ilẹ̀ Àwórì ni wọ́n kọ́lé lé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí òjò oṣù June kì í fi í tètè rí ibi ṣàn gbà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ nípa etíkun. Ìgbì Àtìláńtíìkì ń gbá etí òkun láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó ń wọ́ iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Iyanrìn náà gùn di òkìtì, ó sé omi mọ́ ẹ̀yìn, omi yẹn sì ni ọ̀sà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà láyé àtijọ́ láti Èkó dé Bàdágìrì títí dé Àjàṣẹ́. Nígbà tí Òyìnbó wá ti ògiri òkúta wọ inú òkun lẹ́nu èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé, iyanrìn kọ lu ògiri, ó dúró. Etíkun ìhà ìwọ̀-oòrùn ń fẹ̀. Bar Beach ti Victoria Island, tí iyanrìn kò dé mọ́, ni òkun jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí kọ́ọ̀sì méjèèjì ti pàdé ni ààlà. Ní August 1889 ni London àti Paris fẹnu kò lórí ìlà tó wá gé Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sọ́dọ̀ Faransé, tó fi Ìmẹ̀kọ, ọmọ Kétu, sílẹ̀ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú kọ odindi ìwé lórí rẹ̀, ó jáde lọ́dún 1976. Máàpù nìkan kò lè ṣàlàyé ìlà yìí, Faransé nìkan kò sì lè ṣe é.

Ọ̀gágun Abacha, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, kéde lọ́dún 1996 pé Faransé di èdè ìjọba kejì. Ìkéde kì í bí olùkọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni Abúlé Faransé tó wà ní Àjàrá, Bàdágìrì, láti ọdún 1991, tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí owó kò tó mọ́ láti máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Faransé àti Togo. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ló sì ń lò ó jù. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọdún kẹta. Ẹ kó ọmọ ọdún kìíní ti Faransé àti ti Jọ́gíráfì sínú bọ́ọ̀sì kan, ẹ fún wọn ní máàpù, kí wọ́n wo ọ̀sà ní Bàdágìrì, kí wọ́n sì fi Faransé ná búrẹ́dì ní Sèmè kí ilẹ̀ tó ṣú.