Ayò, Géèmù àti Ẹnu Òǹwòran

Ohun àkọ́kọ́ tí ó sáàbà máa ń kí àlejò káàbọ̀ sí mùsíọ́mù ni àkọlé tí ó ní kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Àṣẹ náà kò burú. Bí gbogbo ọmọ ilé-ìwé tí ó wọ mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀ bá ń fi ọwọ́ pa ère amọ̀ ayé àtijọ́ lórí, kò ní pẹ́ tí ère náà yóò fi padà di erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ńkọ́? Ọpọ́n ayò tí ó wà nínú gíláàsì, tí ọmọ ayò kò sí nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í, igi gbígbẹ́ lásán ni. Ènìyàn lè yin ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Kò lè sọ pé òun ti rí ayò.

Àwọn tí ó ń tọ́jú géèmù orí ẹ̀rọ tètè rí i pé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kò lè bá iṣẹ́ wọn mu. Ní ọdún 2002, wọ́n ṣí àfihàn kan ní gbọ̀ngàn Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Game On. Wọ́n kó ìtàn géèmù jọ síbẹ̀, wọ́n sì tan àwọn ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí àlejò lè jókòó kí ó gbá a. Láti ìgbà náà ni irú àfihàn bẹ́ẹ̀ ti ń gbilẹ̀ káàkiri ayé. Bàbá tí ó fi owó ọbẹ̀ gbá Space Invaders nígbà tí ó jáde ní 1978 lè mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ẹnu kò lè ṣàlàyé fún un.

Mùsíọ́mù géèmù kan wà ní ìlú Berlin ní Jámánì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, tí wọ́n sì tún un ṣí ní 2011. Ẹ̀rọ kan wà láàárín àwọn ohun tí wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, PainStation ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2001 sì ni wọ́n ṣe é. Géèmù tí ó wà lórí rẹ̀ jọ Pong ti ọdún 1972, èyí tí kò ju igi méjì àti bọ́ọ̀lù kan lọ. Àwọn méjì yóò dojú kọ ara wọn, wọn yóò fi ọwọ́ òsì lé orí irin. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá kọjá mọ́ lára, ẹ̀rọ náà yóò jẹ ẹ́ níyà: ooru lè jó ọwọ́ rẹ̀, iná mànàmáná lè gbọ̀n ọ́n, okùn kékeré sì lè nà án. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kúrò ni ó pàdánù. Ẹ̀rín ni èyí yóò kọ́kọ́ pa òǹkàwé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà mọ ohun kan: bí pípàdánù kò bá dun ènìyàn rárá, eré kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní Odò-Orò lẹ́bàá Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó, àti káàkiri àríwá Èkìtì, kò sí ẹni tí ó nílò wáyà iná kí ó tó jẹ òpè níyà. Ẹnu tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ayò kò ṣòro. Ihò méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń wọ inú wọn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá kó ọmọ láti inú ihò kan yóò máa gbìn ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká. Bí èyí tí ó fi parí bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún méje lè mọ ìwọ̀nyí kí ilẹ̀ tó ṣú. A. O. Ọdẹ́lẹ́yẹ sì ti kọ odidi ìwé lórí ayò ní 1977, tí olùkọ́ lè máa yẹ̀ wò.

Ohun tí ọmọ náà kò lè tètè mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó yí ọpọ́n ká. Ẹni tí kò mọ ayò ta ni òpè, ọ̀gá ni ọ̀ta, ọ̀ta kì í sì í ta ayò ní ìdákẹ́jẹ́. Ó ń ka ọmọ ayò sórí láì wo ibẹ̀, ó ń bi òpè léèrè bí ó bá jẹun kí ó tó kúrò nílé, ó ń fi orin ṣáátá rẹ̀, àwọn òǹwòran sì ń gbè é. Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ kí lè gbọ́ pé òpè ni òun láti ẹnu ẹni tí òun jù lọ, kò sì gbọdọ̀ bínú. Bí ó bá bínú, yẹ̀yẹ́ náà yóò di ìlọ́po méjì. Bí eré bá parí, ìkíni àti ọ̀wọ̀ yóò padà sí ipò wọn. Ibo ni gíláàsì mùsíọ́mù yóò ti rí èyí gbé kalẹ̀?

Kọ̀ǹpútà pàápàá kò rí i gbé. Ní ọdún 2002 yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, gbé awari fún ẹ̀rọ láti yanjú, ìyẹn eré tí òfin rẹ̀ àti ti ayò jọra gidigidi. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 ni wọ́n so pọ̀. Wákàtí 51 ni wọ́n fi ṣe é, ipò tí ọmọ eré lè wà lójú ọpọ́n tí wọ́n gbé yẹ̀ wò sì jẹ́ 889,063,398,406. Èsì rẹ̀ ni pé bí àwọn méjì bá ta á láì ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́, 24 sí 24. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tọ́ kí olùkọ́ ìṣirò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọpọ́n kan tí wọ́n torí rẹ̀ gbé kúrò nílẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Àṣìṣe ni ayò fi ń gbé ẹ̀mí. Ẹ̀rọ tí kì í ṣàṣìṣe kò lè jẹ́ òpè. Ta ni yóò wá fi orin ṣáátá rẹ̀?

Ẹni tí ó bá rò pé géèmù orí ẹ̀rọ yàtọ̀ pátápátá sí èyí kò tíì wọ ilé géèmù rí. Lẹ́yìn tí PlayStation 2 jáde ní 2000, tí ó sì tà ju mílíọ̀nù 150 lọ láyé, irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú wa: yàrá kan, amóhùnmáwòrán àlòkù kan tàbí méjì, àga pákó gbọọrọ, àti jẹnẹrétọ̀ tí ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sáàbà ń gbá. Ẹni tí ó bá pàdánù yóò gbé páàdì lélẹ̀ fún ẹni tí ó kàn, gẹ́gẹ́ bí òpè ti ń dìde nídìí ọpọ́n. Àwọn tí wọ́n ń dúró de àyè wọn ni wọ́n sì ń fi ẹnu nà án jáde. Gbogbo àlàyé, gbogbo èébú, gbogbo orúkọ ìnagijẹ, ní èdè Yorùbá ni, láti ẹnu àwọn ọmọ tí ń pe ilé ní “ulé”, tí ń pe imú ní “umú”. Àwọn òbí kò fẹ́ràn ibẹ̀, wọ́n sì ní ìdí: ó ń jẹ owó oúnjẹ ọ̀sán, ó sì ń jẹ àkókò ìwé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń dá gbá géèmù nínú yàrá náà.

Fóònù ni ó tú àwùjọ náà ká. Géèmù ti wọ inú àpò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò di ẹ̀rọ mọ́ etí, yóò jókòó sí ìkọ̀kọ̀, òyìnbó inú fóònù ni yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kò ṣe géèmù. Ilé-iṣẹ́ Maliyo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, ń ṣe èyí tí àwòrán àti ìtàn rẹ̀ jẹ́ tiwa, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwòrán ọpọ́n tàbí ti ọkọ̀ Èkó kò tíì jẹ́ ohùn àwọn tí ó dúró yí i ká.

Ní Oníkan ní Èkó, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ti fi hàn pé ohùn àti àwòrán tí ń rìn lè jókòó ti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èkó jìnnà sí Ìkọ̀lé. Ṣùgbọ́n láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ọgbà rẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà ní Ìkọ̀lé gan-an. Yàrá kan tó fún àfihàn irú èyí: ọpọ́n ayò mẹ́rin, PlayStation 2 àlòkù kan pẹ̀lú àga pákó rẹ̀, kí àlejò jókòó kí ó ta ayò, kí ó dìde kí ó gbá bọ́ọ̀lù, kí ó sì máa gbọ́ ohùn àwọn ọ̀ta Odò-Orò àti ti àwọn ọmọ ilé géèmù láti ara ògiri. Páàdì àti ọpọ́n ṣeé rà lọ́jà lọ́la. Ohùn kò ṣeé rà, àwọn ọ̀ta tí ó dáńtọ́ sì ti di arúgbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ìdí ọpọ́n, nítorí ariwo ọmọ ayò ni yóò bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn òǹwòran ni kí ó dúró sí, ní ọ̀sán, nígbà tí oko kò pọ̀, kí ó sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka ayò tán, nítorí pé àlàyé bí òpè ṣe pàdánù a máa gùn ju eré náà lọ.